Fóódà Tí Wọ́n Ní Theresa Tì Pa

Theresa Bámigbóyè kì í ṣe ẹni tí ń yára bínú, ṣùgbọ́n ìríra máa ń tètè mú un. Bí ó bá rí ẹni tó fi ọwọ́ ọlọ́ràá gbé bébà, inú rẹ̀ á rú. Bí ó bá gbọ́ tí ẹnì kan ń purọ́ tí ara onítọ̀hún sì balẹ̀, á dà bíi pé eṣinṣin bọ́ sí i lẹ́nu. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi tẹ ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba ní Kàbà, láti ayé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin títí di ayé kọ̀ǹpútà, kò sì sí ọ̀gá kan tó lè sọ pé ó sọ lẹ́tà òun nù rí.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà ọjà, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí i, ó fi aṣọ funfun bò ó. Windows XP ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Àwọn èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di baba arúgbó, kò dá wọn lóhùn. Ó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀ bó ṣe mọ inú àpótí aṣọ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Tísà Thomas ti bá a lọ́dún 2010. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Tísà Thomas kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Òkè-Bùkún ni, ọkùnrin gbọọrọ tó ń sọ̀rọ̀ bíi pé àwọn ọmọdé ṣì jókòó níwájú rẹ̀. Ó gbé ìwé àjákọ kan kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bùnù, èdè ìlú rẹ̀, ló kún inú rẹ̀, tó fi pẹ́ńsù kọ: orúkọ koríko, orúkọ ẹ̀yà òfì, ohun tí wọ́n ń pe oríṣiríṣi òjò, ohun tí àwọn ìyá ń sọ sí ọmọ tí kò fẹ́ sùn.

"Àwọn ọmọ-ọmọ mi wá láti Àbújá ní Kérésì," ó ní. "Mo ní kí wọ́n já ewé kan wá lẹ́yìn ilé, wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Àti àwọn àti bàbá wọn. Theresa, bá mi tẹ̀ ẹ́ kí n tó kú."

Ọmọ Kàbà ni Theresa, Owé ni èdè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe é. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, Tísà á wọ mọ́tò wá láti Òkè-Bùkún, á jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa pe ọ̀rọ̀, Theresa á máa tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn wọ́n á jiyàn lórí àmì orí ọ̀rọ̀ kan títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, gbogbo fáìlì wà nínú fóódà kan tó ń jẹ́ BUNU, fóódà BUNU sì wà nínú èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà látìgbà tí wọ́n ti rà á, èyí tó ń jẹ́ My Documents. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé díẹ̀. Theresa ti fi ẹ̀dà kan sórí àwo CD lọ́dún 2013, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wọlé lẹ́yìn ìgbà náà ju ìlàjì lọ. Ikán sì ti jẹ àwọn ìwé àjákọ Tísà tán nínú àpótí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ Bùnù kan tó rí ṣe kó ara wọn jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ tẹ ìwé náà jáde. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Alága wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Boaz, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba l'Ábújá tó sì padà wálé. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun tó ní Windows 11, wọ́n gbé e sínú yàrá ìpàdé wọn ní Kàbà, wọ́n sì rán ẹnì kan sí Theresa pé kó wá kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà lọ síbẹ̀. Ẹni náà ni Success.

Ẹnjiníà Success ló ń pe ara rẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún ni, ó fín lọ́fínńdà débi pé Theresa ní láti ṣí fèrèsé kejì. Ọ̀sán ló dé, mọ́ínmọ́ín sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ewé. Ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kàbà:

"Okun o, Màmá. Ẹ máa rọra. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni."

Ó jókòó láìbéèrè, ó fa aṣọ funfun náà kúrò, ó fi nu ẹnu, ó sì fi ọwọ́ tí epo mọ́ínmọ́ín wà lára rẹ̀ dì máòsì mú. Theresa rí i bí epo náà ṣe ń tàn lórí àwọn bọ́tìnnì. Ó fẹ́ gba máòsì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rántí Tísà, ó fi í sílẹ̀.

Success ki fúláàṣì bọ inú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ àmì My Documents tó wà lójú rẹ̀, ó tẹ ibi kan, ó tẹ ibòmíì, àmì kan náà sì yọ nínú fúláàṣì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. BUNU yọ jáde, ó ṣí i: A, B, D, E, gbogbo wọn tò lọ rẹrẹ.

"Ẹ wò ó, Màmá. Inú fúláàṣì mi nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ ti wọlé."

Theresa tẹjú mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń kó fáìlì láti ibì kan sí ibòmíì, ó sì mọ̀ pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀. "Iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá, ó sì lọ kíá báyìí?"

"Ọ̀rọ̀ ni, Màmá. Kì í ṣe fíìmù."

"Ọfà kékeré tó wà ní igun àmì yìí ńkọ́? Kò sí lára ti ojú kọ̀ǹpútà mi."

Success rẹ́rìn-ín, ẹyọ mọ́ínmọ́ín kan ta jáde lẹ́nu rẹ̀, ó bà lé ojú kọ̀ǹpútà, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ má dààmú ara yín."

Ó ní ìgbìmọ̀ ní kí òun gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà lọ pẹ̀lú, nítorí bí nǹkan kan bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Theresa rò ó, ó ní kò burú. Lẹ́yìn tó lọ, ó fi ọṣẹ fọ aṣọ funfun náà lẹ́ẹ̀mẹta, epo náà kò kúrò níbẹ̀, ó bá jù ú nù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n pè é sípàdé. Bó ṣe wọlé tó sì kí wọn, ìkíni tó gbà padà kò délẹ̀. Àwọn méjìlá jókòó yí tábìlì ká. Ojú kọ̀ǹpútà tuntun ńlá kọjú sí wọn. Tísà Thomas kò sí níbẹ̀. Orúnkún ń dà á láàmú, kò lè kúrò ní Òkè-Bùkún.

Ọ̀gbẹ́ni Boaz wúkọ́ díẹ̀. "Màmá Theresa, a kò pè yín láti bá yín jà. Success, fi hàn wọ́n."

Success ki fúláàṣì sínú kọ̀ǹpútà tuntun, ó tẹ àmì náà. Fóódà ṣí. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Kò sí BUNU, kò sí A, kò sí B.

"Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ rí," ni Success wí, ó dìde dúró bí ẹni tó fẹ́ wàásù. "Mo bá ń wádìí. Mo wọ inú kọ̀ǹpútà yìí lọ, mo ní kó fi gbogbo nǹkan tó fi pamọ́ hàn mí. Ẹ wo ohun tí mo rí." Ó tọ́ka sí fóódà kan tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá díẹ̀, Documents and Settings. "Ẹnikẹ́ni tó bá mọ XP mọ̀ pé inú fóódà yìí ni XP ń kó ìwé sí. Ó ti bá fúláàṣì wọ ibí. Ó yá, mo tẹ̀ ẹ́."

Àpótí kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà pé a kò gbà wọ́n láyè láti wọlé.

"Ó ti tì í pa," ni Success wí. "Màmá ti fi password tì í."

Theresa wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn tí òun ti bá tẹ lẹ́tà ìgbéyàwó ọmọ wọn, tí òun ti bá tẹ ètò ìsìnkú bàbá wọn, wọ́n ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú oko olóko.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní password náà," ni Ọ̀gbẹ́ni Boaz wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti oníṣègùn tó fẹ́ gún ọmọdé lábẹ́rẹ́. "Bí ohun kan bá wà tí ẹ fẹ́, ẹ sọ ọ́."

"Mi ò fi nǹkan kan ti nǹkan kan pa. Mi ò mọ fóódà tó ń fi hàn yín yẹn rí. Kọ̀ǹpútà mi dà? Ẹ gbé e wá, ẹ tàn án."

Success mi orí. "Mo ti pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, Màmá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí ìwé ìlú má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì."

Láti ìsàlẹ̀ tábìlì, obìnrin kan sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́: "Owé ni, àbí? Kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ Bùnù tẹ́lẹ̀?"

Theresa dìde. Itọ́ ẹnu rẹ̀ korò bí ewúro. Kò sunkún, kò pariwo. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, ó sì dúró létí gọ́tà níta, ó tutọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnu rẹ̀ tó padà sípò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tísà Thomas pè é lórí fóònù. "Theresa, wọ́n ní o ti ìwé náà pa."

"Ẹ gbà wọ́n gbọ́, Tísà?"

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni."

"Mi ò ti nǹkan kan pa."

"Ó dáa," ni bàbá náà wí. "Wá a rí." Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Theresa lọ sí ṣọ́ọ̀bù Success. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ilé oúnjẹ Cecilia ló kángun sí i, obìnrin onísùúrù kan tó ń ta ìyán fún àwọn awakọ̀. Theresa kí i, ó ní òun fẹ́ jókòó dè é. Cecilia ní kó bọ́ sẹ́yìn, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, níbi tí wọ́n ti ń fọ àwo.

Ó dé ẹ̀yìn, ó sì rí i.

Bàsíà ńlá kan wà lórí nǹkan, ó kún fún omi ìdọ̀tí tí wọ́n fi fọ àwo, ọ̀rá léfòó lójú rẹ̀, egungun ẹja àti ègé ìyán ń yí nínú rẹ̀. Omi náà ń kán láti etí bàsíà, ó ń gba àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ ohun tó gbé e dúró wọlé. Ohun tó gbé e dúró náà ni àpótí kọ̀ǹpútà Theresa. Ó dá ìlà pupa tó fi kọ orúkọ rẹ̀ sí i lẹ́yìn mọ̀.

"Cecilia! Ta ló gbé èyí síbí?"

Cecilia nu ọwọ́ rẹ̀ wá. "Success ni. Ó ní kò wúlò mọ́, ó ní kí n máa fi gbé bàsíà. Ṣé ó ṣe nǹkan ni, Màmá?"

"Ó yọ nǹkan nínú rẹ̀ kó tó fún ọ?"

"Kò tilẹ̀ tú u. Ọjọ́ tó gbé e dé náà ló fún mi. Ó ní òun ò ráyè ti pàǹtí."

Theresa gbọ́ ọ, ó sì tún un sọ nínú ara rẹ̀: kò tilẹ̀ tú u. Ẹni tó dúró níwájú èèyàn méjìlá pé òun ti pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, kò tàn án, kò fọwọ́ kan inú rẹ̀. Irọ́ tí kò nídìí, irọ́ ọ̀lẹ. Ìyẹn ló rí i lára ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Àwọn méjèèjì sọ bàsíà náà kalẹ̀. Theresa ní kí Cecilia bá òun wá ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó fi ẹnu ọ̀bẹ tú àwọn ìṣó ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa ìdérí rẹ̀. Aáyán tú jáde. Wọ́n tó ogún, wọ́n ju ogún lọ, àwọn kan pupa, àwọn kan funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ, wọ́n gba orí ọwọ́ rẹ̀ sáré kọjá. Òórùn tó tẹ̀ lé wọn, òórùn ẹja kíkan àti ọ̀rá tó ti bà jẹ́, mú kí Cecilia yí ojú padà. Theresa kò yí ojú padà. Ó ti rí àwọn oníṣẹ́ tó wá tún un ṣe nígbà kan, ó mọ èyí tó jẹ́ háádì dísìkì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń gbé gbogbo fáìlì pamọ́. Ó tú u, ó yọ okùn méjì ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e jáde. Ọ̀rá ti bo òde rẹ̀, ṣùgbọ́n irin tó dì í káàkiri kò là.

"Fún mi ní omi tó mọ́ àti aṣọ gbígbẹ," ó ní. Ó fi nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Ó gbé e sínú oòrùn ojú fèrèsé ilé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìsánlú, ó gba Ayétòrò àti Mọ̀pà kọjá, ó gbé báàgì náà sórí itan rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ayọ̀kẹ́mi ló ń lọ bá, ọmọ olóògbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní kọ̀ǹpútà. Ayọ̀kẹ́mi kúnlẹ̀ kí i, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo ìtàn náà láì já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí Theresa dé ibi tí ọfà kékeré wà, Ayọ̀kẹ́mi ṣe hìn-ín, bí ẹni tí wọ́n gún.

"Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Màmá, àbùjá lásán ló gbé lọ, ohun tó kàn ń tọ́ka sí fóódà. Ọfà yẹn ni àmì rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n mo rí ọ̀rọ̀ wa nínú rẹ̀, Ayọ̀kẹ́mi. Mo rí A, mo rí B."

"Nítorí pé orí kọ̀ǹpútà yín lẹ ti rí i ni. Fóódà yẹn kì í ṣe fóódà bíi ti àwọn yòókù. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní tirẹ̀, ó ti yà á sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá ń lò ó. Bíi kí n kọ 'ilé mi' sórí bébà kan, kí n fún yín. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ohun tí mo kọ, ilé tiyín lẹ máa dé, ẹ ò ní dé tèmi. Lórí kọ̀ǹpútà yín, àbùjá náà ṣí ìwé yín. Lórí ti ìgbìmọ̀, ó ṣí tiwọn, wọn ò sì tíì kọ nǹkan kan."

Theresa jókòó dáadáa. "Èyí tí wọ́n ní mo tì pa ńkọ́?"

"Kò sí yàrá lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn rárá. Nígbà XP, inú Documents and Settings ni ìwé gbogbo èèyàn ń gbé. Nígbà tí Vista tó tẹ̀ lé XP dé, wọ́n kó wọn lọ sínú fóódà tuntun tó ń jẹ́ Users. Àní 'My' tó wà níwájú orúkọ yẹn, wọ́n yọ ọ́, wọ́n dá a padà, wọ́n tún yọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ètò àtijọ́ kan ṣì ń wá orúkọ àtijọ́, ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa darí wọn lọ sínú Users. Bí èèyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á ní òun ò gbà á láyè. Ẹ wá wò ó." Ó yí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sí Theresa, ó tẹ fóódà kan náà, àpótí kan náà sì yọ. "Ṣé ẹ̀yin náà lẹ wá ti tèmi pa?"

Theresa rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan.

Ayọ̀kẹ́mi so okùn kan mọ́ háádì dísìkì náà, ó tàn án. Ó dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ó dákẹ́, ó tún dún. Àwọn méjèèjì kò mí. Nígbà tó yá, ó ń yí geere. Documents and Settings yọ jáde, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣá ní tirẹ̀. Nínú rẹ̀, wọ́n rí fóódà kan tó ń jẹ́ THERESA. Ayọ̀kẹ́mi tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ní òun kò gbà á láyè.

Àyà Theresa já. "Wọ́n á ní mo purọ́."

"Èyí yàtọ̀, Màmá. Yàrá gidi nìyí, kò kàn dá èmi mọ̀ ni. Mo máa sọ fún un pé kó gbà mí láyè." Ó tẹ bọ́tìnnì kan. Ìlà àwọ̀ ewé kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀ lókè. Wọ́n jẹ iṣu sísun, wọ́n mu omi, ó ṣì ń rìn. Lẹ́yìn náà ó ṣí. My Documents. BUNU. A títí dé Y, kò sí ọ̀kan tó sọnù.

Ayọ̀kẹ́mi kó gbogbo rẹ̀ sórí fúláàṣì méjì àti àwo kan. Ó gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá, Theresa sì ń wo aago.

Theresa fúnra rẹ̀ ló pe ìpàdé kejì. Ọ̀gbẹ́ni Boaz kò fẹ́, ṣùgbọ́n Tísà Thomas ti pè é lórí fóònù, kò sì sí ẹni tó lè kọ ọ̀rọ̀ sí Tísà lẹ́nu nínú wọn; ó ti na ìdajì wọn ní pátákó rí. Success wá, ó tún fín lọ́fínńdà.

"Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀," ni Theresa wí. "Success, fúláàṣì tìrẹ dà? Èyí tí o gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kì í bọ inú kọ̀ǹpútà alágbèéká yín."

Boaz ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú, ó rẹ́rìn-ín. Success tẹ àmì tó ní ọfà náà. Fóódà ṣí, ó sì kún fọ́fọ́. Ẹni tó jókòó nítòsí kà á sókè kó tó mọ ohun tó ń kà: "Lẹ́tà Ìbéèrè fún Oyè, ẹ̀dà kẹrin."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Alága pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé gbàgà.

"Ẹ má bínú, Alága," ni Theresa wí, ojú rẹ̀ kò yí. "Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ń kó o sí. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i. Kọ̀ǹpútà tó bá bọ́ sí, ìwé onítọ̀hún ló máa ṣí. Kò gbé ọ̀rọ̀ Bùnù kankan kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Fóódà tó ní mo tì pa, ó wà nínú kọ̀ǹpútà tuntun yín látìgbà tí ẹ ti rà á. Kọ̀ǹpútà tó ní òun pa inú rẹ̀ rẹ́, abẹ́ bàsíà tí wọ́n fi ń fọ àwo ni mo ti hú u nínú aáyán. Ọ̀rọ̀ yín rèé." Ó gbé fúláàṣì Ayọ̀kẹ́mi sókè.

Gbogbo wọn yíjú sí Success. Ara rẹ̀ balẹ̀. "Èmi gan-an ti ń fura pé àbùjá ni," ó ní. "Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣèwádìí ni. Ẹ rí i báyìí, a ti jọ rí ojútùú rẹ̀."

Theresa ń retí pé ẹnì kan máa kígbe lé e lórí. Ó ń retí pé obìnrin tó sọ̀rọ̀ Owé níjọ́sí máa wo ilẹ̀, ó kéré tán. Obìnrin náà ń tẹ fóònù. Ọ̀gbẹ́ni Boaz sì yára dìde, ó ń fi ọwọ́ kan bo kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. A ti rí nǹkan tó sọnù. Ẹ má jẹ́ ká máa ka ẹ̀ṣẹ̀ síra wa lọ́rùn. Màmá, ẹ fi ọwọ́ wọ́nú. Ta ló máa fi àdúrà parí rẹ̀ fún wa?"

"Kò sí ẹni tó máa bẹ̀ mí?" ni Theresa béèrè.

"Àdúrà ni ká gbà," ni Boaz wí, ó sì ti dijú.

Theresa wo ojú wọn tó pa dé pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Ó ti rí aáyán lọ́sẹ̀ yẹn, ó ti gbọ́ òórùn omi àwo. Kò sí èyí tó rí i lára tó èyí. Ó dá fúláàṣì náà padà sínú báàgì rẹ̀, ó sì jáde kí wọ́n tó ṣe àmín.

Ọ̀dọ̀ Tísà Thomas ló gbé e lọ, ní Òkè-Bùkún. Bàbá náà jókòó síwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ tó wú sórí àpótí. Theresa sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò yọ aáyán sílẹ̀.

"Mi ò ní fún wọn," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká wá ibòmíì tẹ̀ ẹ́. Wọn ò yẹ lẹ́ni tí orúkọ wọn ń hàn lára rẹ̀."

Tísà gbọ́ ọ tán. "Ìríra wọn ń ṣe èmi náà. Ṣùgbọ́n mo ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, Theresa. Kì í ṣe Boaz ni mo kọ ọ́ fún. Fún wọn, jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí ojú mi lè rí i. Bí o bá ní o ò fún wọn, mi ò ní bínú. Ìwọ lo wá a rí."

Ó gbà á ní ọjọ́ méjì kó tó pinnu. Kò gbé e lọ fúnra rẹ̀. Ayọ̀kẹ́mi ló gbé e fún wọn, ó dúró títí wọ́n fi kó o sínú kọ̀ǹpútà wọn, ó sì ṣí i lójú wọn láti A dé Y. Wọ́n ránṣẹ́ sí Theresa lẹ́ẹ̀mẹta pé kó wá sí ìpàdé, kò lọ. Success pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà ọjà ní ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Okun o, Màmá wa." Theresa gba òdìkejì títì kọjá.

Ìwé náà jáde kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Tísà rí i. Wọ́n ní ó gbé e sórí àyà sùn ní alẹ́ ọjọ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Theresa, ó fi pẹ́ńsù kọ orúkọ obìnrin náà sí iwájú rẹ̀. Theresa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí i. Lójú ewé kẹta ni ìdúpẹ́ wà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Alága Boaz, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹnjiníà Success, "ẹni tó fi ìmọ̀ rẹ̀ yọ iṣẹ́ yìí nínú ewu." Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ pé àwọn kò gbàgbé "Màmá tó bá wa tẹ díẹ̀."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó mú abẹfẹ́lẹ́ tó fi ń gé bébà, ó gbé rúlà sí etí ewé náà, ó sì gé e kúrò, ó mọ́ débi pé ẹni tí kò bá ka nọ́ńbà ewé kò ní mọ̀. Ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n pàǹtí, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ó padà jókòó, ó ṣí ibi tí A ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń kà á lọ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan, ó ń wò bóyá wọ́n fi àmì síbi tó yẹ.